Orin Olókùn Lẹ́nu Àwọn Afọnfèrè

Bí ẹnì kan bá ṣí ìwé yìí, tí ó sì bá orúkọ ìlú Vienna pàdé níbi tí ó ti ń retí Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta, kí ó má ṣe bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kì í ṣe àjèjì. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá mú orin kan kúrò lọ́wọ́ àwọn tí a ṣe é fún, tí a sì fi í lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Pàápàá jù lọ, nígbà tí a bá mú orin tí a ṣe fún ohun èlò olókùn, èyíinì ni violin, viola, cello àti irú wọn, tí a sì gbé e fún àwọn afọnfèrè. Àwọn ẹgbẹ́ afọnfèrè wa, ti ọlọ́pàá, ti ọmọ ogun, ti ilé-ìwé àti ti ìjọ, ń ṣe èyí ní ọjọ́ ìsìnkú àti ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè pé, Báwo ni ẹ ti ṣe é, kí sì ni ó bọ́ sọnù lọ́nà?

Ohun tí ó mú wa mú kálámù ni ìsìnkú kan tí a bá wọn ṣe ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Bí a ti ń gbé pósí wọlé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ afọnfèrè tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn Adagio ti Samuel Barber, ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1936 ni Barber ṣe orin yìí, gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú orin tí ó ṣe fún olókùn mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó tún un tò fún ọ̀pọ̀ olókùn, Arturo Toscanini sì darí rẹ̀ lórí rédíò ní New York ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1938. Láti ìgbà náà ni ó ti di orin ọ̀fọ̀ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò ní ìlù, kò ní ariwo, kò sì yára. Ó ń rìn bí ẹni tí ń gun òkè ní òkùnkùn, tí ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń gùn ún lọ títí ó fi dé ibi tí ó ga jù lọ, níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Èyí tí a gbọ́ ní ọjọ́ náà kò gun òkè kankan. Gbogbo ẹgbẹ́ náà ń dúró lẹ́ẹ̀kan náà láti mí, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún ń dúró, bí àwọn tí ó ru ìtì igi tí ó wúwo, tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn yìn wọ́n. Àwa kò lè yìn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó tún orin náà tò fún wọn ni kò rántí pé ènìyàn a máa mí.

Ẹni tí ń ta violin ní ọ̀pá onírun ẹṣin lọ́wọ́, èyí tí ó ń fà lọ fà bọ̀ lórí okùn. Nígbà tí ọ̀pá náà bá dé òpin, ó yí i padà, ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mú kò sì ní mọ̀ pé ó yí i padà. Ohùn náà lè gùn tó bí ó ti fẹ́. Afọnfèrè kò ní ju àyà rẹ̀ lọ. Ohun tí Ọlọ́run fi sí i nínú ni yóò ná, nígbà tí ó bá sì tán yóò dákẹ́, ìbáà jẹ́ pé gbólóhùn orin parí tàbí kò parí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí sọ pé orin olókùn kò lè bọ́ sí ẹnu ènìyàn. Barber fúnra rẹ̀ ni ó mú orin kan náà ní ọdún 1967, tí ó fi í lé àwọn akọrin lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìnì ti Agnus Dei, èyí tí àwa ń pè ní Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run. Akọrin pẹ̀lú a máa mí. Lucien Cailliet sì tún un tò fún ẹgbẹ́ clarinet nìkan. Àwa rò pé ọgbọ́n ńlá wà nínú yíyàn náà, nítorí clarinet, kékeré àti ńlá, jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, gẹ́gẹ́ bí violin, viola àti cello ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí ohùn bá ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, kò sí ẹni tí yóò rí oríkèé rẹ̀. Èémí kọ́ ni ọ̀tá. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wà lórí ohùn kan, kí èkíní mí níhìn-ín, kí èkejì mí lọ́hùn-ún, kí ẹ̀kẹta mí nígbà tí àwọn méjì yòókù bá ti padà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń gún iyán nínú odó kan ṣe ń gbé ọmọ odó sókè, tí ọ̀kan kì í sì í lu èkejì.

Àwọn ará Vienna ti mọ gbogbo èyí tipẹ́tipẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1782, Olú-ọba Joseph Kejì yan àwọn afọnfèrè mẹ́jọ sí ààfin rẹ̀: oboe méjì, clarinet méjì, horn méjì àti bassoon méjì. Harmonie ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ wọn ni wọ́n. Anton Stadler àti arákùnrin rẹ̀ Johann wà nínú wọn. Anton yìí kan náà ni Mozart ṣe orin clarinet rẹ̀ olókìkí fún ní ọdún 1791. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fọn ni orin tí a mú láti inú opera, èyíinì ni eré onítàn tí a ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ayé tí kò sí rédíò, tí kò sì sí ẹ̀rọ tí ń kọrin, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin opera nídìí oúnjẹ rẹ̀ ní láti wá ẹni tí yóò tún un tò. Johann Went, tí ń fọn oboe nínú ẹgbẹ́ náà, ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó jókòó láàrin àwọn mẹ́jọ náà ni ó ń kọ ìwé fún wọn. Kò lè gbàgbé pé wọn a máa mí, nítorí òun náà ń mí pẹ̀lú wọn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún kan náà ni a kọ́kọ́ ṣe opera Mozart tí ń jẹ́ Die Entführung aus dem Serail ní Vienna. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, Mozart kọ̀wé sí baba rẹ̀ ní Salzburg pé òun ní láti tún un tò fún Harmonie láàrin ọjọ́ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn yóò ṣáájú òun, yóò sì jẹ èrè iṣẹ́ òun. Kò sí òfin nígbà náà tí ó lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Ó fi kún un pé baba òun kò lè mọ bí ó ti ṣòro tó láti tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tò, kí ó bá àwọn afọnfèrè mu, síbẹ̀ kí agbára rẹ̀ má sì dínkù. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà lórí ọ̀ràn yìí, a kò rí èyí tí ó jìn tó ọ̀rọ̀ yìí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìkánjú kọ sí baba rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó ní, púpọ̀ nínú àwọn tí ń tún orin tò sì ń gba ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ṣú já ohun tí ó bá afọnfèrè mu nìkan yóò fún wọn ní orin tí ó rọrùn, tí kò sì ní egungun. Ẹni tí ó bá ṣú já agbára orin nìkan yóò pa àwọn afọnfèrè.

Ó sì jọ pé ọ̀ràn náà ń pa Mozart lẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Nínú Don Giovanni, tí ó ṣe ní Prague ní ọdún 1787, ọ̀gá náà jókòó sí ìdí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn, ẹgbẹ́ afọnfèrè sì ń fọn orin opera fún un: wọ́n mú ti Martín y Soler, wọ́n mú ti Sarti, lẹ́yìn náà wọ́n mú ti Figaro, èyí tí Mozart tìkára rẹ̀ ṣe ní ọdún 1786. Leporello, ìránṣẹ́ ọ̀gá náà, sọ pé èyí ni òun mọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìṣòro ẹni tí ń tún orin olókùn tò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Olókùn lè fi ìka ta okùn, kí ó sì jẹ́ kí ohùn náà kú fúnra rẹ̀, bí ẹ̀kán omi tí ó bọ́ sínú ìkòkò. Afọnfèrè kò ní ohun tí ó jọ èyí. Ó lè gé ohùn rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ohùn tí a gé kúrú kì í ṣe ohùn tí ó kú fúnra rẹ̀. Olókùn lè mú ọ̀pá rẹ̀ gbọ̀n lórí okùn títí gbogbo ilé yóò fi máa gbọ̀n. Bí a bá ní kí clarinet fi ahọ́n ṣe irú rẹ̀, ahọ́n yóò di igi kí ó tó parí ojú ewé. Ohùn ìsàlẹ̀ violin, oboe kò lè dé ibẹ̀. Clarinet dé ibẹ̀, ó sì kọjá rẹ̀. Bassoon gba ipò cello láìsí wàhálà, àní ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Ní ti horn ìgbà ayé Mozart, ohùn tí ìwo náà fúnra rẹ̀ bá bí ni ó ní, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ọwọ́ tí a tì bọ ẹnu rẹ̀ lè yí padà; nítorí náà ẹni tí ó bá fi orin violin lé e lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní kí àgbò gun àgbọn.

Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ ìjọ ti rí irú èyí rí. Àwọn baba wa mú orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáradára, wọ́n sì fi í sórí ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ohùn náà sì ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, títí ọkọ́ fi di ọkọ̀, tí ọkọ̀ sì di ọkọ. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó darí orin ní Cathedral Church of Christ ní Èkó fún ọdún pípẹ́, bá àṣìṣe yìí jà, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1953. Àwọn olùtumọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kan nù. Ohùn ni wọ́n sọ nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó kọ gbogbo àmì orin láti inú ìwé violin sínú ìwé oboe, tí ó kà wọ́n, tí ó rí i pé wọ́n pé, tí ó sì rò pé iṣẹ́ òun parí.

Iṣẹ́ tí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ jù lọ gba ọ̀nà kejì, láti ẹnu afọnfèrè sí orí okùn. Mozart ṣe orin àṣálẹ́ kan ní C minor fún afọnfèrè mẹ́jọ, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé Köchel jẹ́ 388. Ní nǹkan bí ọdún 1787 ó tún un tò fún olókùn márùn-ún, violin méjì, viola méjì àti cello kan. 406 ni nọ́ńbà èyí. Ní ọdún 1788 ó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní Vienna pẹ̀lú méjì mìíràn, fún àwọn tí ó bá fẹ́ san owó sílẹ̀. Ó jọ pé owó ni ó ń wá. A kò bá a wí, nítorí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ní àkókò náà. Orin náà dé orí okùn láìfarapa. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti fi ohùn kan ṣoṣo gòkè bí ìkìlọ̀, wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, a mọ èyí tí ó jẹ́ ọmọ, a sì mọ èyí tí ó jẹ́ àwòrán ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a tọ́ka sí ibì kan. Ní apá ìkẹyìn, níbi tí Mozart ti ń yí orin kan padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, òkùnkùn C minor ti pẹ́ lórí wa kí àwọn horn méjì tó yọ ní E flat. Ó dàbí ìgbà tí ẹnì kan ṣí fèrèsé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àìsùn òkú. Olókùn lè sọ ohùn kan náà. Kò lè sọ ìjìnnà rẹ̀. Ìwo ọdẹ ni horn, igbó sì ti wà nínú ohùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ orin fún un. Mozart kò fi ohunkóhun rọ́pò igbó náà, bóyá nítorí pé kò sí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín orin náà, níbi tí oboe méjì àti bassoon méjì nìkan ti ń fọn, tí ohun tí ọ̀kan sọ ní gígòkè ni èkejì ń dá lóhùn ní sísọ̀kalẹ̀, bí ẹni tí ń wo ojú ara rẹ̀ nínú omi, okùn kò pàdánù ohun kan. Àwòrán inú omi gbọ́dọ̀ jọ ojú tí ó wò ó, àwọn olókùn sì jọ ara wọn.

Beethoven gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà èwe rẹ̀ ó ṣe orin kan fún afọnfèrè mẹ́jọ. Ní ọdún 1795 ó mú un, ó sì sọ ọ́ di ti olókùn márùn-ún, èyí tí ó tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ kẹrin. Ó wó ilé náà, ó fi òkúta rẹ̀ kọ́ òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ. Ti afọnfèrè kò jáde títí di ọdún 1830, nígbà tí ó ti kú. A mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ti afọnfèrè, nítorí ó rọrùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ní tiwa, a fi ọwọ́ sí ìgboyà ẹni tí ó gbà pé ohun èlò tuntun ń béèrè orin tuntun. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ pé ẹni tí ó ni orin nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wó o báyìí.

Ní ọdún 1816, Steiner ní Vienna tẹ Symphony Keje ti Beethoven jáde fún afọnfèrè mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ ni a ti rí àdánù kan tí kò sí ọgbọ́n tí ó lè wò ó. Nínú orin gan-an, apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan tí àwọn afọnfèrè gùn lé, tí ó sì ń rọ̀ lọ; lẹ́yìn náà ni viola, cello àti àwọn tí ó rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn jẹ́jẹ́. Ohùn àkọ́kọ́ jẹ́ ilẹ̀kùn. Ìrìn náà wà nínú ilé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá di ti afọnfèrè, ilẹ̀kùn àti ilé di igi kan náà, a kò sì mọ ìgbà tí a wọlé.

Gustav Holst, Gẹ̀ẹ́sì, mọ ìhà méjèèjì. Ó fi trombone jẹun nígbà èwe rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní St Paul's ní London láti ọdún 1905 títí ó fi kú ní 1934. Ní 1911 ó fi orin ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ Dargason parí orin kejì rẹ̀ fún ẹgbẹ́ afọnfèrè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó mú un fún àwọn olókùn ilé-ìwé rẹ̀, ó sì fi parí St Paul's Suite. Dargason jẹ́ orin tí kò ní òpin, ó ń yí po bí ọmọdé tí ń yí òkòtó. Lẹ́nu àwọn afọnfèrè, piccolo tí ó kéré jù àti tuba tí ó tóbi jù ni ó kù ní ìgbẹ̀yìn tí wọ́n ń bá ara wọn ṣeré, ẹ̀rín sì pa wá. Lórí okùn, ẹ̀rín náà rọ̀ ju èyí lọ. A kò lè sọ èyí tí ó sàn, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ kan ilé wa. Fela Sowande, ọmọ àlùfáà ìjọ wa, ẹni tí ó kọ́ orin lọ́dọ̀ Phillips, ṣe African Suite fún àwọn olókùn ní ọdún 1944. Apá ìkẹyìn rẹ̀, Akinla, di ohùn ètò orin kan lórí rédíò ní Kánádà fún ọdún pípẹ́. Olókùn kò pọ̀ láàrin wa, afọnfèrè pọ̀. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn wa máa gbọ́ orin ọmọ wọn ní ìta gbangba, ó di dandan kí ẹnì kan tún un tò. Akinla lè bọ́ sí ẹnu afọnfèrè láìsí ìpalára, nítorí ijó wà nínú rẹ̀, ijó a sì máa fúnni láyè láti mí. Ṣùgbọ́n Lullaby ńkọ́? Orin ìrẹmọ ni. Bí a bá fi trumpet mẹ́ta rẹ ọmọ, èyí tí ó ti sùn yóò jí. Kí flute kan àti clarinet díẹ̀ gbé e, kí bassoon mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àwọn yòókù gbé ọwọ́ lé itan. Èyí ni ó sì ṣòro jù fún àwọn olórí ẹgbẹ́ wa: láti san owó ọkọ̀ fún ogún ènìyàn, kí wọ́n sì ní kí mẹ́rìnlá dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, a bẹ olórí ẹgbẹ́ náà kí ó jẹ́ kí a rí ìwé orin rẹ̀. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni, kò bínú. Kò sí àmì èémí kan ṣoṣo nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó ti tábìlì ní ilé àlùfáà pẹ̀lú pẹ́ńsù, a pín àwọn clarinet sí mẹ́ta-mẹ́ta, a fi àmì sí ibi tí olúkúlùkù yóò ti mí, a sì mú àwọn trumpet kúrò títí di ibi tí orin náà ga jù lọ. Ní ìsìn ìrántí ogójì ọjọ́ wọ́n tún un fọn. Nígbà tí wọ́n dé òkè, tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, a gbọ́ ohùn ẹyẹ kan lórí òrùlé. Opó náà, tí kò sunkún ní ọjọ́ ìsìnkú, fi ìborùn rẹ̀ bojú.